Iná Kì í Kó Ìdọ̀tí Lọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Òfin Sísun Pàǹtí ní Àdúgbò Tẹ́júoṣó

Kò sí ẹni tí ó ti ná ọjà Tẹ́júoṣó ní Èkó rí, yálà ó wá ra àǹkárá àti léèsì tí wọn yóò fi ṣe ìnáwó, tàbí ó wá yan bàtà àti àpò fún ọmọ tí ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tí kò mọ̀ pé nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀, tí àwọn ọlọ́jà bá ti ń ká àtẹ wọn, tí àwọn ọkọ̀ Ojúẹlẹ́gba àti ti Yábà bá sì ti ń pe èrò àṣálẹ́, ohun tí ọjà ń fi sílẹ̀ sẹ́yìn kì í ṣe kékeré: páálí tí a ti tú ẹrù inú rẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi di aṣọ láti òkè òkun wá, àkékù aṣọ láti ọ̀dọ̀ àwọn aránṣọ, ike omi, agolo, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ti ọsàn. Òkìtì yìí ni ó ń dúró de ọkọ̀ akólẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sì pẹ́, tàbí tí kò wá rárá, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi ṣáná sí i. Iná yóò jó, òkìtì yóò wálẹ̀, ẹni tí ó ṣáná yóò gbọn ọwọ́ rẹ̀, yóò sì máa rò pé òun ti tún ilẹ̀ ṣe. Èrò yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá jà níhìn-ín, nítorí òun náà ni òfin ń bá jà láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ìdọ̀tí tí a sun kò lọ sí ibì kankan. Ó kàn kúrò lórí ilẹ̀ tí gbogbo ojú ti ń rí i, ó bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tí gbogbo imú ń fà ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè lẹ́yìn àwọn baba wa, nítorí ọ̀pọ̀ ni yóò sọ pé, 'Ṣebí a bá wọn lẹ́nu iná sísun ni. Kí ló wá dé tí ó fi di ẹ̀ṣẹ̀ lónìí?' Òtítọ́ ni pé kò sí agbo ilé kan ní ilẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́ tí kò ní ààtàn lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ń bẹ lórí ààtàn ọ̀hún: èèpo iṣu tí ewúrẹ́ kì í jẹ́ kí ó di ọjọ́ kejì, ewé eéran tí a fi pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, háhá àgbàdo, pàǹtí igi, koríko tí a ro ní àgbàlá, àti eérú ààrò. Gbogbo rẹ̀ ni ilẹ̀ bí, gbogbo rẹ̀ ni ilẹ̀ sì mọ bí a ti ń gbà padà. Àní eérú tí ó kù lẹ́yìn iná, wọn kò jẹ́ kí ó ṣòfò, nítorí àwọn ìyá tí ń se ọṣẹ dúdú ń wá a, àwọn aláró sì ń fi omi inú rẹ̀ pa aró. Èyí tí ó bá sì ṣẹ́kù, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ń lọ, níbi tí ó ti ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá. Ààtàn àwọn baba wa, ilé ìṣúra àgbẹ̀ ni. Ààtàn tiwa lónìí, bí ọmọdé bá fi ẹsẹ̀ tú u wò, ọ̀rá ni yóò kọ́kọ́ rí, ike ni yóò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà awọ àtọwọ́dá tí a fi ń ṣe bàtà, èèpo wáyà iná, páìpù tí ó fọ́, bátìrì tó ti kú, agolo ìpara, àti abọ́ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń bu ìrẹsì sí fún oníbàárà, èyí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin dè ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024. Iná tí ó jó ti àtijọ́ àti iná tí ń jó ti òde òní kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣáná kan náà ni a fi dá wọn.

Ohun tí ó fà á nìyí. Ọ̀pọ̀ páìpù, èèpo wáyà àti awọ àtọwọ́dá ni kílórínì wà nínú wọn. Nígbà tí iná bá sì mú wọn ní gbangba, kílórínì yìí a máa bá àwọn èròjà yòókù pò, a sì di ọ̀wọ́ májèlé kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní dioxin. Àjọ tí ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi èyí tí ó le jù lọ nínú wọn sí ara àwọn ohun tí ń fa jẹjẹrẹ láti ọdún 1997. Májèlé náà kì í tètè bàjẹ́. A máa bà sórí koríko, ewúrẹ́ àti màlúù a jẹ ẹ́, a wọ inú ọ̀rá ara wọn, a ti ibẹ̀ bọ́ sínú ara ẹni tí ó jẹ ẹran, a sì bá omi ọmú lọ sí ara ìkókó tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n kọ́ ilé ìléru ńlá fún sísun ìdọ̀tí, òfin àpapọ̀ wọn pa á láṣẹ fún wọn pé ooru inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìwọ̀n 850 ti Celsius, kí èéfín náà sì la asẹ́ orí asẹ́ kọjá kí ó tó bọ́ síta; iná ẹ̀bá gọ́tà tí ń rú tùùlù láti ìrọ̀lẹ́ títí di òwúrọ̀ kò ní asẹ́ kankan, ooru rẹ̀ kò sì lè dọ́gba bẹ́ẹ̀ láéláé. Yàtọ̀ sí májèlé yìí, eruku èéfín tún wà, èyí tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọgbọ̀n rẹ̀ fi lè tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní ìbú irun orí kan ṣoṣo. Irun imú kò lè mú un, ikọ́ kò lè lé e jáde. Tààrà ni ó ń lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, tí ó sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ikọ́ fée ń bá jà mọ̀ ọ́n kí dókítà tó sọ fún un, àgbàlagbà tí àyà ń dùn mọ̀ ọ́n, aboyún mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 2020, Báńkì Àgbáyé gbé ìwádìí kan jáde lórí afẹ́fẹ́ Èkó. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2018 nìkan, nǹkan bí ẹ̀mí 11,200 ni ó bá ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ lọ láìtọ́jọ́ ní ìpínlẹ̀ yìí, tí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì ju ìdajì wọn lọ. Ọkọ̀, ilé-iṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ ni ìwádìí náà kọ́kọ́ nàka sí, n kò sì fẹ́ di gbogbo ẹ̀bi ru iná ààtàn nìkan. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ń sọ afẹ́fẹ́ wa di ẹlẹ́gbin, iná ààtàn ni ó súnmọ́ fèrèsé wa jù, òun sì ni ó rọrùn jù fún àwa fúnra wa láti pa.

Ọ̀ràn kan tún wà tí mo rí pé àwọn ènìyàn kò kà sí. Nítorí ìbẹ̀rù àwọn agbófinró, ọ̀pọ̀ tí ń sun ìdọ̀tí ní Sùúrùlérè, ní Yábà àti ní Mushin a máa dúró títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, tàbí kí wọ́n jí ní ìdájí kí ẹsẹ̀ tó pé lójú títì. Kò sí àsìkò tí ó burú ju èyí lọ. Ní ọ̀sán, oòrùn a máa mú afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ gbóná, a gbé e lọ sókè, atẹ́gùn òkun a sì fẹ́ ẹ lọ. Ṣùgbọ́n bí alẹ́ bá lẹ́, tí ilẹ̀ tutù, afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ náà a tutù, a wúwo, a sì wà níbi tí ó wà, tí afẹ́fẹ́ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti òkè rẹ̀ yóò sì dé e mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò, àgàgà ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí eruku aṣálẹ̀ Sàhárà pàápàá ti kún ojú ọ̀run. Èéfín tí a rú ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ kò rí ọ̀nà lọ. Yóò rọra wọ yàrá tí ọmọ sùn sí, tí wọ́n ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé kò sí iná mànàmáná tí yóò yí fáànù. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Ti iná ìdọ̀tí yìí tilẹ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwa tí a kò jẹ kòkòrò náà ni a ń hú ikọ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ṣàjèjì sí. Ní ọdún 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó Àkéte, Èkó aromisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, tí ó sì pa ènìyàn rẹpẹtẹ ní àwọn àdúgbò erékùṣù tí ilé ti há mọ́ra. Nítorí àrùn yìí ni ìjọba fi dá ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ìlú Èkó, tí a ń pè ní LEDB, sílẹ̀ ní ọdún 1928, láti tún ìlú ṣe, kí wọ́n sì la àdúgbò tuntun tí ọ̀nà yóò tọ́, tí ìdalẹ̀ yóò sì ní àyè. Lára àwọn àdúgbò bẹ́ẹ̀ ni Yábà wà, Sùúrùlérè sì tẹ̀lé e nígbà tí wọ́n tún ń kó àwọn ènìyàn kúrò ní àárín erékùṣù láti ọdún 1955. Ní Yábà kan náà ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó sílẹ̀, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn wolé-wolé láti gbogbo ẹ̀yà Nàìjíríà, iṣẹ́ tí a kò lè dárúkọ rẹ̀ láìdárúkọ Dókítà Isaac Ládípọ̀ Olúwọlé, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó di olórí oníṣègùn ìlera ìlú ní Èkó. Àwọn arúgbó wa kò gbàgbé wolé-wolé. Bí ó bá wọ àgbàlá, tí ó ṣí ìkòkò omi wò, tí ó yẹ ẹ̀yìnkùlé wò, onílé a máa gbọ̀n bí ewé. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń bá rìn pẹ̀lú ìwé ìpẹ̀jọ́ wọn: wọ́n ń sọ fún onílé ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó, àti ìdí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo rò pé ó dínkù jọjọ lónìí, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bẹ̀rù òfin láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wò ó. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn nà kan gbogbo Nàìjíríà ní ọdún 1916, èyí tí ó ṣì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ títí di òní, ìpín 247 sọ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ba afẹ́fẹ́ ibì kan jẹ́ dé ibi pé ó lè pa ìlera àwọn tí ń gbé àdúgbò náà lára, tàbí ti àwọn tí ń ṣòwò níbẹ̀, tàbí ti àwọn tí ń kọjá lọ lójú pópó, ti dáràn, ó sì lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Èkó ti ní ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tirẹ̀ láti ọdún 2011, ṣùgbọ́n òye tí ó wà nínú ìpín yẹn kò kúrò nílẹ̀: òfin kò béèrè bóyá inú ọgbà ara rẹ ni o ti dá iná; ibi tí èéfín dé ni ó ń wò. Ìwé òfin ìjọba orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 pàṣẹ ní ìpín 20 pé kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀ àti igbó. Àtẹ kẹrin rẹ̀ sì gbé iṣẹ́ kíkó ìdọ̀tí lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Lábẹ́ àjọ NESREA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2007 láti máa ṣọ́ àyíká fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ìlànà kan jáde ní ọdún 2011 tí ó dojú kọ iná igbó àti iná gbangba ní tààrà, pẹ̀lú ète pé kí a dẹ́kun bíba ẹ̀dá jẹ́ nípa sísun ohunkóhun tí èéfín rẹ̀ ní májèlé. Ní ti Ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀, òfin ìtọ́jú àti ìdáàbòbò àyíká tí Gómìnà Akínwùnmí Àḿbọ̀dé fọwọ́ sí ní ọdún 2017 ni ó kó gbogbo òfin àyíká tí ó ti fọ́n káàkiri sí abẹ́ òrùlé kan.

Bí òfin ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń mú un ṣẹ pọ̀. LAWMA ni ìjọba ìpínlẹ̀ fi ṣe olórí kíkó ìdọ̀tí. Ní ọdún 1977 ni a ti dá a sílẹ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn, tí a sì fún un ní orúkọ tí ó ń jẹ́ yìí ní ọdún 1991. LASEPA ni ti ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ àti inú omi. Àwọn tí aráyé ń pè ní KAI, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 2003, tí orúkọ wọn sì di LAGESC ní ọdún 2017, ni wọ́n ń mú ènìyàn lójú títì tí wọ́n sì ń gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ alágbèéká. Ní káńṣù, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àyíká, tí í ṣe àrólé wolé-wolé, ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí ó wúlò jù fún ará ọjà láti di mú nínú gbogbo rẹ̀ kò ju báyìí lọ: ọ̀rá, ike, táyà, wáyà, fóòmù àti ìdọ̀tí ilé, a kò gbọdọ̀ sun wọ́n ní gbangba, ìbáà jẹ́ ní ojú títì, ní ẹ̀bá ojú irin, ní orí gọ́tà tàbí lẹ́yìnkùlé ara ẹni; ewé àti koríko tí a gbá jọ kò yàtọ̀, níwọ̀n ìgbà tí èéfín rẹ̀ bá ti ń wọ ilé ẹlòmíràn, nítorí ewé tútù a máa rú èéfín ju ewé gbígbẹ lọ, ìdílé mẹ́wàá sì lè pín ògiri kan ní Mushin. Iná tí a fi ń dáná oúnjẹ kò sí nínú ẹ̀sùn yìí.

Bí ẹnìkan bá ń ṣiyèméjì pé iná ìdọ̀tí lè di ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú, kí ó rántí Olúsosùn ní Ọjọ́ta. Láti ọdún 1992 ni wọ́n ti ń da ìdọ̀tí Èkó sí ilẹ̀ náà, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 42, títí tí ìdọ̀tí fi di òkè tí a ń rí láti ojú ọ̀nà márosẹ̀. Ìdọ̀tí tí ń rà nísàlẹ̀ òkè bẹ́ẹ̀ a máa mú afẹ́fẹ́ gáàsì kan wá tí iná ń fẹ́ràn. Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2018, iná mú un. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ó fi jó, tí àwọn panápaná ń da omi sí i lókè, tí ó sì ń jó lọ nísàlẹ̀, tí èéfín rẹ̀ bo Ọjọ́ta, Orẹ̀gún àti Kétu mọ́lẹ̀, tí ìjọba fi ní láti ti ààtàn náà fún ìgbà kan. Èkó ń da nǹkan bí ìwọ̀n tọ́ọ̀nù 13,000 ìdọ̀tí sílẹ̀ lójoojúmọ́, gẹ́gẹ́ bí LAWMA ti máa ń sọ. Tí àyè ìdalẹ̀ ńlá kan bá tì, gbogbo àdúgbò ni ó ń mọ̀ ọ́n lára, nítorí àwọn ọkọ̀ kì í tètè padà.

Tẹ́júoṣó ní ìdí tirẹ̀ láti bẹ̀rù iná. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2007, nígbà tí ọjà gbóná fún ọdún Kérésìmesì, iná sọ ọjà náà di eérú, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà sì pàdánù ohun tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ. Ọdún 2014 ni ilé alájà púpọ̀ tí a ń rí lónìí tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lábẹ́ Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá. N kò sọ pé iná ìdọ̀tí ni ó fà á. Mo ń sọ pé ibi tí aṣọ ti tò lé aṣọ, tí páálí ti gba ojú ọ̀nà, tí ìsọ̀ sì fara kan ìsọ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa dá iná sí ìdọ̀tí ní ìkángun rẹ̀, kí ó sì yí ẹ̀yìn padà lọ sílé. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Bí a bá wo òkèèrè, a ó rí i pé àwọn tí a ń wò bí ẹni tí ó mọ́ jù wá lọ ti gba ojú ọ̀nà yìí kọjá. Ní Los Angeles, ọ̀pọ̀ ilé ni ó ní ààrò ìsundọ̀tí lẹ́yìnkùlé rí, títí èéfín fi ń mú omi bọ́ lójú aráàlú lọ́sàn-án gangan; ìjọba ibẹ̀ fi òfin dè é ní ọdún 1957, àwọn ènìyàn sì bínú gidigidi nítorí pé wọn yóò máa sanwó fún ohun tí iná ń ṣe fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn tí èéfín èédú pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ní ìparí ọdún 1952, òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ jáde ní ọdún 1956. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí, bí wọ́n bá gé koríko ọgbà wọn, òfin kò sọ ní pàtó pé wọn kò gbọdọ̀ dáná rárá; ṣùgbọ́n bí èéfín bá ń yọ aládùúgbò lẹ́nu, káńṣù lè lo òfin ọdún 1990 láti pàṣẹ fún wọn kí wọ́n dáwọ́ dúró, ẹni tí ó bá sì ṣàìgbọ́ràn yóò dé ilé-ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ aládùúgbò náà ni. Ohun tí ó mú kí òfin wọn rọrùn fún wọn láti pa mọ́ ni pé ọkọ̀ akólẹ̀ ń kọjá ní ọjọ́ tí wọ́n dá.

Ibí yìí gan-an ni mo ti ní ẹjọ́ pẹ̀lú àwọn aláṣẹ wa. Ọ̀pọ̀ tí ń sun ìdọ̀tí kì í ṣe òṣìkà. Ìyá tí ó ní ìsọ̀ kékeré, tí ó ti san owó ilẹ̀ kíkó fún ilé-iṣẹ́ aládàáni tí ó gba àdúgbò náà, irú èyí tí a ń pè ní PSP, tí kò sì rí ọkọ̀ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ìdin ti ń jáde lára òkìtì níwájú ọjà rẹ̀, tí oníbàárà ń di imú kọjá lọ, kí ni ẹ fẹ́ kí ó ṣe? Bí ó bá pe ọlọ́mọlanke, tí ìjọba ti lé kúrò lójú títì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹni náà yóò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì lọ da ẹrù náà sí gọ́tà Ojúẹlẹ́gba ní òru. Bí ó bá fi í sílẹ̀, wọn yóò ní ó ń dọ̀tí ọjà. Ní ọdún 2023, ìjọba ti ọjà Ládípọ̀ ní Mushin àti ọjà Oyíngbò pa nítorí ìdọ̀tí. Mo mọ̀ pé ìyà díẹ̀ a máa jẹ́ kí etí gbọ́ràn, ọjà náà sì mọ́ lẹ́yìn rẹ̀; ṣùgbọ́n títi ọjà pa ń jẹ ẹni tí ó san owó ilẹ̀ rẹ̀ àti ẹni tí kò san níyà bákan náà, ẹni tí ó sì ń jẹ láti ọwọ́ sí ẹnu ni ó kọ́kọ́ ń fara gbá a. Nígbà ìjọba ológun ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìmọ́tótó oṣooṣù, tí a sé gbogbo ènìyàn mọ́lé ní Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù. Ilé-ẹjọ́ sọ pé sísé ènìyàn mọ́lé kò bá òfin mu, Èkó sì fòpin sí i ní ọdún 2016. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń ké pé kí ó padà. Èmi kò rò pé àìsí wákàtí mẹ́ta ìmọ́tótó nínú oṣù ni àìsàn wa. Ọkọ̀ tí kò wá ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó wá ni àìsàn náà, òfin tí ó bá sì fẹ́ gba ìṣáná lọ́wọ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó gba owó ilẹ̀ tí kò kó ilẹ̀ jẹ̀bi èéfín tó ẹni tí ó dáná, mo sì fẹ́ kí ilé-ẹjọ́ alágbèéká rí òun náà.

Síbẹ̀, ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa kò kéré. Nínú àwọn ọgbà àtijọ́ ní Sùúrùlérè, níbi tí igi máńgòrò àti igi fúrúùtù ti ń wọ́ ewé sílẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, kí onílé wa kòtò tí kò jìn ní igun kan, kí ó máa da ewé, koríko àti èèpo oúnjẹ sí i, kí ó máa bu erùpẹ̀ bò ó. Láàárín oṣù díẹ̀ yóò di ilẹ̀dú tí àwọn olódòdó ń fi owó rà. Ilé tí kò ní àyè, kí wọ́n kó ewé sínú àpò sẹ́mẹ́ǹtì dúró de ọkọ̀. Páálí, ike omi àti agolo ní àwọn tí ń rà á. Bí ọjà bá ṣa wọ́n sọ́tọ̀ láti àárọ̀, òkìtì àṣálẹ́ yóò dín ní ìdajì, owó díẹ̀ yóò sì wọ àpò àwọn agbálẹ̀. Àkékù aṣọ náà kì í ṣe ohun tí a ń dáná sí, nítorí àwọn tí ń ṣe tìmùtìmù àti ìrọ̀rí ń wá a. Ní ti àwọn ọ̀dọ́ tí ń sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ tà, irú èyí tí ó sọ Agbogbloshie ní Accra di ibi tí gbogbo ayé mọ̀ kí wọ́n tó wó o ní ọdún 2021, ọ̀bẹ ni kí wọ́n fi bó èèpo rẹ̀. Bàbà tí iná kò kàn tilẹ̀ níye lórí jù lọ lọ́wọ́ ẹni tí ń rà á.

Bí aládùúgbò bá sì ń dá irú iná bẹ́ẹ̀, ẹnu ni kí a kọ́kọ́ fi bá a sọ ọ́, ní ọ̀sán, kí iná tó jó, nítorí ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé èéfín náà ń dé yàrá ọmọ ẹlòmíràn. Bí kò bá gbọ́, alága ẹgbẹ́ àwọn onílé ni ó kàn. Lẹ́yìn rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìlera àyíká ní káńṣù, kí a tó dé ọ̀dọ̀ LASEPA, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí tí a kọ sílẹ̀, àti àwòrán bí ó bá ṣeé ṣe. Ní inú ọjà, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: ọwọ́ Ìyálọ́jà àti Babalọ́jà ni ọ̀rọ̀ náà wà. Kí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ PSP tí ó gba Tẹ́júoṣó sí ẹnu ọ̀nà ọjà ní lẹ́tà gàdàgbà, pẹ̀lú ọjọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá, kí wọ́n ní ìwé kan níbi tí a ti ń fàmì sí i nígbà tí ó bá wá àti nígbà tí kò bá wá, kí wọ́n sì máa gbé ìwé náà lọ síwájú LAWMA ní ìparí oṣù kí wọ́n tó san owó oṣù tí ń bọ̀.